Ẹni Tó Ń Gbé Oògùn Mì: Bí Aláìsàn Ṣe Gba Àyè Níbi Àyẹ̀wò Oògùn Ara Rẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Sẹ́nétọ̀ Gaylord Nelson láti ìpínlẹ̀ Wisconsin pe àwọn onímọ̀ ìṣègùn jọ sí ilé aṣòfin àgbà ní Washington. Hóró oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Oògùn náà ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá lọ́jà, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù obìnrin Amẹ́ríkà ló sì ń gbé e mì lójoojúmọ́. Àwọn dókítà ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú iṣan, àrùn rọpárọsẹ̀, àti bóyá ewu náà tó ohun tí èèyàn ń bẹ̀rù. Nínú gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n tò kalẹ̀, kò sí obìnrin kan tí wọ́n pè nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti lo oògùn náà, ojú rẹ̀ sì ti rí màbo.

Alice Wolfson àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde láàárín àwọn òǹwòran. Wọ́n bi àwọn aṣòfin léèrè ìdí tí wọn kò fi pe àwọn tó ń lo oògùn wá jẹ́rìí, àti ìdí tí wọ́n fi ń fi ewu inú rẹ̀ pamọ́ fún àwọn tó ń rà á. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin náà jáde. Nígbà tí ìjókòó mìíràn bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún padà wá, ariwo wọn sì dé orí tẹlifíṣọ̀n jákèjádò ilẹ̀ náà.

Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yẹn ti yẹ kó wáyé. Lónìí, ní England, ní Australia àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ètò wà pé kí apoògùn tàbí dókítà pe ẹni tó ń lo oògùn púpọ̀ jókòó, kí wọ́n jọ gbé oògùn náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń ṣiṣẹ́, èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, èyí tó ń dá àìsàn mìíràn sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Àwọn aláìsàn ló jà fún un, àwọn oníṣègùn àti apoògùn díẹ̀ tí wọ́n rí òtítọ́ inú ọ̀rọ̀ náà ló sì gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ní ọdún 1803, Thomas Percival, dókítà ìlú Manchester, tẹ ìwé kan jáde lórí ìwà tó yẹ oníṣègùn. Nígbà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Philadelphia ní ọdún 1847, ìwé Percival ni wọ́n wò kọ òfin tiwọn. Òfin náà ní abala kan tó ka ojúṣe aláìsàn lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé kí aláìsàn tètè ṣe ohun tí dókítà bá pa láṣẹ láìjanpata, kó má sì jẹ́ kí èrò ara rẹ̀ nípa oògùn náà dí i lọ́wọ́.

Ìwé tí dókítà fi ń kọ oògùn náà kò ran aláìsàn lọ́wọ́. Èdè Látìn ló kún inú rẹ̀, àfi apoògùn ló lè kà á. Ìgò tó bá dé ọwọ́ aláìsàn kì í sábà ní orúkọ oògùn lára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí tí ọ̀rúndún ogún fi kọjá ìdajì, ohun tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò kò ju pé omi oògùn ni tàbí hóró oògùn ni, àti iye ìgbà tí èèyàn yóò lò ó lóòjọ́. Èèyàn lè máa mu oògùn kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má mọ ohun tó ń jẹ́.

Àwọn apoògùn pàápàá sọ ìdákẹ́jẹ́ yìí di òfin. Ní ọdún 1951, aṣòfin méjì tí wọ́n jẹ́ apoògùn kí wọ́n tó di olóṣèlú, Carl Durham àti Hubert Humphrey, gbé òfin kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó ya àwọn oògùn kan sọ́tọ̀: ẹnikẹ́ni kò lè rí wọn rà láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ àwọn apoògùn ilẹ̀ náà kọ ọ́ sínú òfin ìwà wọn pé apoògùn kò gbọdọ̀ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà nínú oògùn tàbí iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe lára. Bí aláìsàn bá béèrè, kó lọ bi dókítà. Ọdún 1969 ni wọ́n tó yọ gbólóhùn yẹn kúrò.

Apoògùn kan ní ìlú kékeré Berryville ní ìpínlẹ̀ Virginia kò dúró dìgbà yẹn. Eugene White ni orúkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà rí bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: wọ́n ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ń ta onírúurú ọjà tí kò kan oògùn. Ní ọdún 1960, ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò, ó sọ ibẹ̀ di ọ́fíìsì tí aláìsàn lè jókòó sí. Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò àti èyí tí ara wọn kò gbà, kó tó fún ẹnikẹ́ni ní tuntun. Àwọn apoògùn mìíràn wá wò ó, wọ́n sì mú àṣà náà lọ sílé.

Àmọ́ àkọsílẹ̀ nìkan kò tó, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà títí dòní. Ẹ jẹ́ ká mú amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn bó ṣe wọ́pọ̀ ní London. Ó máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Bí dókítà kò bá mọ̀ pé ẹ̀yìn tí ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó lè fún un ní oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ kí omi ara lè fà. Oògùn kejì yóò máa lé e dìde lóru, òòyì lè máa kọ́ ọ, ó lè ṣubú ní ọ̀nà ilé ìtọ̀. Lórí ìwé, oògùn méjì ló wà níbẹ̀ fún àìsàn méjì, kò sì sí ohun tó burú. Ìyá àgbà nìkan ló mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí wọn kò bá bi í, kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí i kà.

Ohun tó jọ èyí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn hóró oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ní ọdún 1956, wọ́n dán an wò lára àwọn obìnrin ní Río Piedras, ní erékùṣù Puerto Rico. Dókítà Edris Rice-Wray tó ń bójú tó ìdánwò náà ròyìn pé nínú obìnrin 100, 17 ló ń ráhùn òòyì, èébì, orí fífọ́ tàbí inú rírun. Ó kọ ọ́ pé oògùn náà kò jẹ́ kí obìnrin lóyún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyọnu rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ará ìlú láti máa lò. Àwọn tó ṣe oògùn náà kò ka ìráhùn àwọn obìnrin yẹn sí nǹkan bàbàrà. Hóró Enovid tó dé ọjà ní 1960 ní 150 microgram mestranol nínú, ìyẹn ohun tó ń ṣiṣẹ́ bíi hòmóònù obìnrin. Ìwọ̀n yẹn pọ̀ ju èyí tó wà nínú hóró ti òde òní lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ní 1961, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní London gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde nípa obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ dì sí ní ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó ń lo oògùn náà. Ìròyìn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní 1969, akọ̀ròyìn Barbara Seaman kó ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin àti ti àwọn dókítà jọ sínú ìwé The Doctors' Case Against the Pill. Ìwé yìí ló mú Sẹ́nétọ̀ Nelson pe ìjókòó tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa.

Ohun tó ti ibẹ̀ jáde kò kéré. Ní ọdún 1970 kan náà, àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ìwé kékeré kan máa wà nínú páálí oògùn náà, kí a kọ ọ́ fún obìnrin tó máa lò ó, kó lè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ lè dì. Ọ̀pọ̀ dókítà fárí gá pé ìjọba ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn àti aláìsàn àwọn, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn náà tako ó, wọ́n sì gé ìwé náà kúrú gan-an kó tó jáde. Síbẹ̀ ó jáde. Ìwọ̀n hòmóònù inú hóró náà sì lọ sílẹ̀: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ìjọba ti sọ ní òpin 1969 pé kí àwọn dókítà yan èyí tí kò ju 50 microgram lọ. Ní 1975, Seaman, Wolfson àti àwọn mẹ́ta mìíràn dá ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìlera obìnrin sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní.

Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Àwọn tó ní àrùn éèdì ni wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin yìí, ọwọ́ tiwọn sì le ju ti ìṣáájú lọ nítorí pé ikú ń lé wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1983, níbi ìpàdé kan ní ìlú Denver, àwọn aláìsàn bí mélòó kan gun orí pèpéle, wọ́n ka ìpinnu wọn sétí gbogbo ènìyàn: wọn kò fẹ́ kí a máa pe àwọn ní ẹni tí àrùn ti ṣẹ́gun, wọ́n fẹ́ ìjókòó níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń ṣe ìpinnu lórí wọn, wọ́n sì fẹ́ àlàyé kíkún lórí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan àti ewu rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á tàbí kọ̀ ọ́.

Oògùn AZT dé ní 1987. Miligíráàmù 1,200 ni wọ́n ní kí èèyàn máa lò lójúmọ́, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, tọ̀sán-tòru. Agogo kékeré ń dún nínú àpò àwọn aláìsàn níbi iṣẹ́ àti níbi orin. Ẹ̀jẹ̀ ń tán lára ọ̀pọ̀ nínú wọn débi pé wọ́n ní láti gba ẹ̀jẹ̀ sára. Wọ́n ráhùn, àwọn kan dín in kù fúnra wọn. Nígbà tí ìwádìí parí, ó hàn pé ìdajì ìwọ̀n yẹn ń ṣiṣẹ́ bákan náà, kò sì pa ara lára tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní 1990, FDA fọwọ́ sí i pé kí ìwọ̀n náà di miligíráàmù 600. Ọdún yẹn náà ni àwọn aláìsàn gba ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ àwọn olùwádìí oògùn éèdì tí ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó sí.

Ìjà ńlá nìyẹn, lórí oògùn kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó tó ń lo oògùn mẹ́fà, méje, mẹ́jọ kò ní ariwo báyẹn.

Ní 1974, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí apoògùn máa yẹ oògùn gbogbo ẹni tó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wò lóṣooṣù. Òfin rere ni. Àmọ́ fáìlì ni apoògùn ń yẹ̀ wò, kò pọn dandan kó bá ẹni tó wà lórí ibùsùn sọ̀rọ̀. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1980 ni àṣà mìíràn gbilẹ̀: wọ́n ń sọ fún àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n kó gbogbo oògùn ilé wọn sínú àpò bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ra oúnjẹ, kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ apoògùn. Bí wọ́n bá da àpò náà sórí tábìlì, ohun tí fáìlì kò mọ̀ á hàn: oògùn kan náà tó ní orúkọ méjì, oògùn tí dókítà ti ní kí wọ́n dá dúró, èyí tí àkókò rẹ̀ ti kọjá, èyí tí ọ̀rẹ́ fún wọn. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1990, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993, wá sọ ọ́ di dandan pé kí apoògùn ní àkọsílẹ̀ àwọn tó wà lábẹ́ ètò ìlera Medicaid, kó sì fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn lọ̀ wọ́n bí wọ́n bá wá gba oògùn. Láàárín ogójì ọdún, ohun tí àwọn apoògùn kà léèwọ̀ ní 1952 ti di iṣẹ́ tí òfin fi lé wọn lọ́wọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Níbẹ̀, ètò ìlera ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 jẹ́ kó rọrùn fún èèyàn láti máa gba oògùn kan náà léraléra láìrí dókítà. Ní 1996, Dókítà Arnold Zermansky tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe ní ilé ìwòsàn àdúgbò 50 ní Leeds. Nǹkan bí 7 nínú 10 oògùn àgbàtúngbà tó yẹ̀ wò ni kò sí àmì pé dókítà kankan ti tún wò wọ́n láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 1997, ẹgbẹ́ ọba ti àwọn apoògùn gbé ìròyìn kan jáde tó ní kí wọ́n yé fi ìgbọràn wọn aláìsàn. Ohun tó yẹ ni kí oníṣègùn àti aláìsàn jọ fẹnu kò, kí a sì ka èrò aláìsàn nípa oògùn rẹ̀ sí ìmọ̀.

Ní 2001, ìlànà ìjọba fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ oògùn ẹni tó bá ti lé ní ọdún 75 wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí wọ́n sì ṣe é lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà fún ẹni tó ń lo oògùn mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún yẹn náà ni Zermansky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí mìíràn jáde, lórí àgbàlagbà 1,188: níbi tí apoògùn ti pe aláìsàn jókòó, wọ́n ṣe àtúnṣe sí oògùn púpọ̀ sí i, owó oògùn wọn kò sì gòkè tó tàwọn tó kù.

Ìwé kékeré kan tó jáde ní 2002, tí wọ́n pè ní Room for Review, ló sọ ojú abẹ níkòó. Ó pín àyẹ̀wò oògùn sí ìpele láti òdo dé ẹ̀kẹta. Àyẹ̀wò tí èèyàn kàn ṣe bó ṣe bá a wà ní òdo. Kíka ìwé oògùn láìsí aláìsàn níbẹ̀ wà ní ìpele kìn-ín-ní. Kíka á pọ̀ mọ́ fáìlì wà ní ìpele kejì. Ìpele kẹta, èyí tó ga jù, kò lè wáyé àfi kí aláìsàn wà níbẹ̀ lójúkojú, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ àti gbogbo ohun tó ń lò.

Láti oṣù kẹrin 2005, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn ilé oògùn ní England àti Wales kí apoògùn lè jókòó pẹ̀lú aláìsàn ní yàrá kékeré tí ẹlòmíràn kò ti ní gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham àti àwọn àdúgbò London mìíràn ló mọ yàrá yẹn. Ilé oògùn kan kò lè gba owó lórí ju 400 irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé iye ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lé, pé ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù ń gba ipò ìjíròrò. Ní England, ìjọba pa ètò náà tì ní oṣù kẹta 2021, àyẹ̀wò gígùn tí apoògùn ń ṣe ní ilé ìwòsàn dókítà fúnra rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, sì rọ́pò rẹ̀.

Ìwádìí kan tún wà tí ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ní 2005, àwọn olùwádìí láti Norwich ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí apoògùn lọ bá àwọn arúgbó tó lé ní 80 ọdún nílé lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní ọsibítù. Àwọn 872 ló kópa. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìgbà 234 ni wọ́n gbé àwọn tí apoògùn bẹ̀ wò padà sí ọsibítù ní pàjáwìrì, ìgbà 178 ni ti àwọn tí kò bẹ̀ wò. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni. Ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀wò náà jẹ́ kí àwọn arúgbó tètè dá àmì àìsàn mọ̀, kí wọ́n sì wá ìrànlọ́wọ́. Ó sì tún lè jẹ́ pé wọ́n ti wá ń lo gbogbo oògùn wọn pé pérépéré, tó fi hàn pé oògùn náà pọ̀ jù fún wọn. Èyí ó wù kó jẹ́, ó kọ́ni pé kí àyẹ̀wò má ṣe dúró lórí bóyá aláìsàn ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Kí wọ́n béèrè pẹ̀lú bóyá ó ṣì yẹ kó máa lò ó. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, ìròyìn tí olórí apoògùn England, Keith Ridge, darí rẹ̀ fojú bù ú pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú oògùn mẹ́wàá tí àwọn dókítà àdúgbò ń kọ ni kò yẹ kí wọ́n kọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí tó fi yẹ kí aláìsàn wà níbẹ̀ tún lágbára jù. Ní England, fáìlì dókítà mọ púpọ̀ nínú ohun tí èèyàn ń lò. Níbí, èèyàn lè gba oògùn kan ní ọsibítù ìjọba, kó ra òmíràn ní kẹ́míìsì láìmú ìwé dání, kó gba ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, kó sì tún mu àgbo lálẹ́. Kò sí fáìlì kan tó kó gbogbo rẹ̀ jọ. Orí aláìsàn nìkan ni àkọsílẹ̀ náà wà, ọ̀pọ̀ ló sì ń fi ọ̀rọ̀ àgbo pamọ́ nítorí pé wọ́n bẹ̀rù ìbáwí nọ́ọ̀sì. Bí oògùn ìtọ̀ ṣúgà bá pàdé àgbo tó ń dín ṣúgà kù, ṣúgà ara lè lọ sílẹ̀ débi tí èèyàn yóò dákú, ẹni tó kọ oògùn náà kò sì ní mọ ibi tó ti wá.

Àjọ ìlera àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìpolongo lórí ìpalára oògùn ní 2017. Nínú ohun tí wọ́n ṣe jáde ni ìwé kan fún aláìsàn tó ka ìgbà márùn-ún tó yẹ kó béèrè ọ̀rọ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ìgbà tó ń lò ó, ìgbà tí wọ́n fi òmíràn kún un, ìgbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, àti ìgbà tí wọ́n dá a dúró. Ní Nàìjíríà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò tó jẹ́ igbákejì Ààrẹ nígbà náà ṣí ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn sójú táyé ní ọjọ́ 31 oṣù keje 2018. Ẹ̀tọ́ méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí wọ́n fún aláìsàn ní àlàyé lórí ìtọ́jú rẹ̀ ní èdè tó gbọ́. Nítorí náà, bí ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, tó fi ìgò àgbo rẹ̀ sí i, tó gbé e dé iwájú apoògùn ọsibítù, tó sì ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe àti èyí tó lè fi sílẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló béèrè. Kí apoògùn náà fún un ní àga.